Ṣé lóòótọ́ ni Bill Buckner ló jẹ́ kí ife bọ́ lọ́wọ́ Boston lọ́dún 1986?

Ìbéèrè tó wọlé rèé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Worcester ní Massachusetts níbí lèmi àti ìyàwó mi ń gbé, ọmọ wa ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ti wọ ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù àdúgbò, first base, ìyẹn béèsì àkọ́kọ́, ni wọ́n fi í sí. Sátidé tó kọjá bọ́ọ̀lù kan yí wá bá a nílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, bọ́ọ̀lù bá gba àárín ẹsẹ̀ ẹ̀ kọjá, ni baba àgbà òyìnbó kan bá pariwo látibi ìjókòó pé 'Buckner!', àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a délé ọmọ yìí wá fídíò Buckner jáde lórí fóònù, látìgbà náà ló ti ní òun ò ṣe mọ́. Níbi iṣẹ́ mi, àwọn kan ní ọkùnrin yẹn ló jẹ́ kí Boston pàdánù ife, àwọn kan ní ègún ló ń jà wọ́n nígbà yẹn. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni kí n sọ fọ́mọ yìí, àbí kí n kúkú yọ ọ́ kúrò níbẹ̀?"

Bàbá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú o. Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára gan-an torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní béèsìbọ́ọ̀lù ní ìpínlẹ̀ yìí, mo sì ti gbọ́ ọ létí ara mi tí àgbàlagbà ń fi orúkọ ọkùnrin yẹn pe ọmọ kékeré tí bọ́ọ̀lù bọ́ mọ́ lọ́wọ́, inú mi kì í dùn sí i rárá, torí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ gan-an kì í sábà mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ. Ẹ bi mí nípa 1986, ẹ bi mí nípa ègún, ẹ tún bi mí nípa ọmọ, àmọ́ ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti wá. Ohun tó ń dun ọmọ yín ni pé ó ti gbà pé àṣìṣe ẹnì kan, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lè ba iṣẹ́ gbogbo èèyàn jẹ́, fídíò tó wò ló sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Fídíò yẹn ò parọ́ o, bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ẹsẹ̀ Buckner, tó ń ṣọ́ first base fún Boston Red Sox nígbà yẹn, kọjá lóòótọ́, gbogbo ayé ló rí i. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni wàhálà wà, torí ìparí nìkan ni wọ́n fi hàn án.

Ẹ jẹ́ ká tò ó látìbẹ̀rẹ̀. World Series ni wọ́n ń pe ìdíje àṣekágbá béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ méjì á máa kojú ara wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ na èkejì lẹ́ẹ̀mẹrin ló ni ife. Lọ́dún 1986, Boston Red Sox àti New York Mets ni, Boston ti na Mets lẹ́ẹ̀mẹta, Mets ti na Boston lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó pàdé fún ìgbà kẹfà ní Shea Stadium, ní Queens, lálẹ́ October 25. Ẹyọ kan péré ló kù fún Boston, wọn ò sì tíì fojú kan ife yìí látọdún 1918, ẹ fojú inú wo bí ara gbogbo ìlú ṣe máa gbóná tó. Roger Clemens ló ju bọ́ọ̀lù fún wọn fún inning méje (inning kan ni kí ẹgbẹ́ méjèèjì gbá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan), ó ṣe dáadáa, Boston wà níwájú pẹ̀lú 3 sí 2 nígbà tí wọ́n yọ ọ́. Lórí ọ̀rọ̀ yíyọ yẹn, kóòṣì wọn, John McNamara, ní Clemens fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n yọ òun, Clemens ní irọ́ ni, òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Calvin Schiraldi ló rọ́pò ẹ̀, inning kẹjọ yẹn náà ni Mets sì dá a padà, ó di 3 sí 3. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó máa ń yà mí lẹ́nu: Mets gan-an ló ní Schiraldi tẹ́lẹ̀, ìparí ọdún tó ṣáájú ni wọ́n fi òun àtàwọn mìíì ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Boston, Bob Ojeda tí Mets gbà níbi pàṣípààrọ̀ yẹn ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù fún wọn lálẹ́ ọjọ́ yìí.

Bí wọ́n ṣe wọ inning kẹwàá nìyẹn, torí mẹ́sàn-án tó yẹ kí wọ́n ṣe tán, kò séyìí tó borí. Boston ló kọ́kọ́ gbá. Dave Henderson gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá pátápátá, wọ́n tún rí ẹyọ kan sí i nígbà tí Wade Boggs gbá tiẹ̀ tí Marty Barrett sì gbá èyí tó gbé e wálé (ẹni tó bá yí béèsì ká padà wálé ló ń jẹ ayò kan), ó di 5 sí 3. Ó wá kan Mets. Ẹ̀yin náà á ti mọ̀ látibi pápá ọmọ yín pé ẹgbẹ́ tó ń gbá á máa gbá títí wọ́n á fi rí out mẹ́ta, ìyẹn kí wọ́n mú èèyàn wọn mẹ́ta kúrò, ẹni tó kọ́kọ́ jáde fún Mets, Wally Backman, out, Keith Hernandez tó tẹ̀ lé e, out, kò sẹ́nì kankan lórí béèsì, out kan péré ló kù kí ọdún méjìdínláàádọ́rin parí. Hernandez tiẹ̀ ti kúrò ní pápá, ó ti lọ jókòó sínú ọ́fíìsì kóòṣì ẹ̀, ó ń mu bíà. Pátákó ńlá inú pápá ti ṣèèṣì kọ ọ́ jáde pé wọ́n kí Boston kú oríire. Nínú yàrá ìmúra Boston, wọ́n ti ta ọ̀rá bo àwọn kọ́bọ́ọ̀dù kí ṣaǹpéènì má bàa ta sí aṣọ, ife ọ̀hún alára ti wà níbẹ̀.

Ibi tó yẹ kí ọmọ yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó rèé. Gary Carter gbá bọ́ọ̀lù, ó dé béèsì. Kevin Mitchell gbá tiẹ̀, òun náà débẹ̀. Ray Knight, Schiraldi ti ju strike méjì fún un láìsí bọ́ọ̀lù burúkú kankan láàárín, strike kan ṣoṣo ló kù kó di out (strike mẹ́ta ni out), Knight fọwọ́ sókè gbá a, bọ́ọ̀lù já sí àárín pápá, Carter sáré wálé, 5 sí 4. McNamara bá yọ Schiraldi, ó gbé Bob Stanley wọlé. Mookie Wilson ló wá dúró tó fẹ́ gbá, ọmọ yẹn yára bí ọfà, kò sì gbà fún Stanley, bọ́ọ̀lù mẹ́wàá ni Stanley jù sí i. Nígbà tó di ìkeje, tí strike méjì ti wà nílẹ̀, Stanley jù ú wọlé jù, ó ń bọ̀ wá lu Mookie ní ẹsẹ̀, Mookie fò sẹ́yìn, Rich Gedman tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ò rí i mú, bọ́ọ̀lù sá lọ sẹ́yìn, Mitchell sì sáré látorí béèsì kẹta wálé. 5 sí 5! Bọ́ọ̀lù ò tíì dé ọ̀dọ̀ Buckner o. Ẹ pe ọmọ yẹn wá síbí, ẹ dá fídíò dúró, kó ka ohun tó wà lójú pátákó: wọ́n ti dọ́gba. Ayò méjì tí Boston fi ń ṣíwájú ti lọ, kò sì sí ọwọ́ Buckner nínú èyíkéyìí nínú wọn.

Bọ́ọ̀lù kẹwàá ni ti Buckner. Mookie gbá a, kò lágbára, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lọ sápá first base, Buckner rìn wá sí i, ó tẹ̀ ba, ó na ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, bọ́ọ̀lù gba abẹ́ ìbọ̀wọ́ kọjá sáàárín ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì, Knight sáré wálé láti béèsì kejì, 6 sí 5, ìdíje kẹfà parí. Ẹ wò ó dáadáa, àṣìṣe ni, mi ò ní purọ́ fún yín, agbábọ́ọ̀lù tó mọṣẹ́ ló yẹ kó mú irú bọ́ọ̀lù yẹn, ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún méjìlá ló ń mú un. Àmọ́ ẹ wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà. Látọdún 1975 tó ti ṣèṣe ní ọrùn ẹsẹ̀, tí wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ẹsẹ̀ ọ̀hún ò padà bọ̀ sípò mọ́, ó ti di ẹni ọdún 36, bàtà gíga kan tó gba ọrùn ẹsẹ̀ ẹ̀ ró ló ń wọ̀ wọ pápá. Kẹ́ ẹ tó lè gbé ìbọ̀wọ́ dé ilẹ̀ ní first base, ìdí yín gbọ́dọ̀ wálẹ̀, orúnkún á ká, ọrùn ẹsẹ̀ á sì tẹ̀ síwájú. Tí ọrùn ẹsẹ̀ bá ti kọ̀ láti tẹ̀, ẹ̀yìn nìkan lèèyàn á máa fi bẹ̀rẹ̀, ojú ìbọ̀wọ́ ò sì ní kanlẹ̀ tán. Ohun tí mo máa ń rí lára àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ ń dùn nìyẹn, òun náà ni mo rí lára Buckner nígbàkígbà tí mo bá wo fídíò yẹn.

Kóòṣì ẹ̀ náà kúkú mọ̀. Dave Stapleton wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ tiẹ̀ le, ìgbà mẹ́ta tí Boston borí nínú World Series yẹn, Stapleton ni wọ́n gbé wọlé rọ́pò Buckner níparí kó lè ṣọ́ first base. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣe pàtàkì jù yìí, McNamara fi Buckner sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì gbà pé ó fẹ́ kí àgbà agbábọ́ọ̀lù yẹn wà lórí pápá nígbà tí ayọ̀ bá ṣẹlẹ̀. Mo lóye èrò yẹn, èèyàn dáadáa ló ń ro irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, kóòṣì ló yẹ kó wò ó láti òkèèrè, kì í ṣe Buckner. Agbábọ́ọ̀lù wo ló máa sọ pé kí wọ́n yọ òun kúrò nírú alẹ́ bẹ́ẹ̀?

Tí Buckner bá mú bọ́ọ̀lù yẹn ńkọ́? Àwọn èèyàn máa ń sọ ọ́ bíi pé Boston ì bá ti gba ife lójú ẹsẹ̀. Rárá o. Wọ́n ti dọ́gba, tó bá mú un tó sì rí Mookie mú, inning kọkànlá ni wọ́n máa lọ. Ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó máà rí i mú, torí ẹ̀yìn béèsì ni Buckner wà, Mookie ń bọ̀ bí atẹ́gùn, Stanley ló sì yẹ kó sáré wá gba bọ́ọ̀lù lórí béèsì, Stanley ò sì yára. Lórí èyí, àwọn tó mọṣẹ́ ò tíì fẹnu kò, kò sì sẹ́ni tó lè fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn láyé yìí.

Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé àwọn èèyàn ti gbàgbé ìdíje keje. Ìkẹfà ni bọ́ọ̀lù yẹn kọjá, ó di 3 sí 3 láàárín wọn, wọ́n ṣì máa ṣe òmíì. Òjò ni ò jẹ́ kí wọ́n ṣe é lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ṣe é ní Monday, October 27, Boston ló sì kọ́kọ́ wà níwájú pẹ̀lú 3 sí 0! Dwight Evans àti Gedman gbá bọ́ọ̀lù jáde ní ìtẹ̀léra. Mets dá a padà ní inning kẹfà, Ray Knight gbá ti Schiraldi jáde ní ìkeje, níkẹyìn 8 sí 5, Mets gba ife. Ẹni bá ní bọ́ọ̀lù Buckner ló gba ife lọ, kó ṣàlàyé ayò mẹ́ta tó dà nù lọ́jọ́ Monday yẹn. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ dá Buckner lẹ́bi lóòótọ́, ohun tó tóbi ju bọ́ọ̀lù yẹn lọ wà níbẹ̀: kò rí hit kankan (bọ́ọ̀lù téèyàn gbá tó sì fi dé béèsì) ní gbogbo ìgbà tó dúró gbá bọ́ọ̀lù nínú ìdíje kẹfà, ní inning kẹjọ gbogbo béèsì kún fún èèyàn Boston, ó gbá a sókè sọ́wọ́ ẹni tó wà láàárín pápá, àǹfààní yẹn sì lọ. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn ṣe fídíò, torí kò dùn ún wò.

Òun gan-an nìdí tó fi jẹ́ Buckner ni wọ́n mú. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, àwa èèyàn wá máa ń rò pé ìka tá a rí kẹ́yìn ló ṣẹ̀. Bí Schiraldi ṣe ń jẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gba kéèyàn jókòó wò ó pẹ́, àmọ́ bọ́ọ̀lù tó gba àárín ẹsẹ̀ ọkùnrin kọjá, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́ta á wò ó á sì lóye ẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ń gbé e jáde lọ́dọọdún títí ọkùnrin yẹn fi kó ìyàwó àtàwọn ọmọ ẹ̀ lọ sí Idaho, níbi tó jìnnà sí Boston, torí ẹnu àwọn èèyàn. Ọkùnrin tó gbá bọ́ọ̀lù láti 1969 dé 1990 rèé o, tó ní hit 2,715, ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù lọ ní National League, ọ̀kan lára líìgì ńlá méjì béèsìbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, lọ́dún 1980 nígbà tó wà ní Chicago Cubs, lọ́dún 1986 tí wọ́n ń bú u yẹn gan-an ó gbé ayò 102 wálé fún Boston, láìsí ìyẹn bóyá ni wọ́n á dé World Series.

Ọ̀rọ̀ ègún wá ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwa ọmọ Yorùbá, tá a bá ti gbọ́ ègún, etí wa á là. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Boston ta Babe Ruth, akọni agbábọ́ọ̀lù wọn, fún New York Yankees ní ìparí 1919, látìgbà yẹn ni nǹkan ò ti lọ déédéé mọ́. Òótọ́ ni wọ́n tà á, òótọ́ náà ni pé 1946, 1967, 1975 àti 1986, gbogbo ẹ̀, ìdíje keje ni wọ́n ti pàdánù. Buckner fúnra ẹ̀ tiẹ̀ sọ fún oníròyìn tẹlifíṣọ̀n kan ní Boston, kí World Series 1986 tó bẹ̀rẹ̀, pé àlá burúkú agbábọ́ọ̀lù ni kí bọ́ọ̀lù gba àárín ẹsẹ̀ òun kọjá kí wọ́n sì borí, ìyẹn á mú kí ara ẹnikẹ́ni bù ú. Síbẹ̀ ẹ̀yìn 1986 ni ìtàn ègún yìí tó gbilẹ̀, àwọn akọ̀ròyìn ló gbé e kiri. Tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ló fa Boston sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tójú mi rí nìyí: ní April 1945, Jackie Robinson àtàwọn aláwọ̀ dúdú méjì mìíì wá dán ara wọn wò ní Fenway Park, pápá Boston, Boston ò gbà wọ́n. Ọdún méjì lẹ́yìn náà Robinson wọ Brooklyn Dodgers, ó yí béèsìbọ́ọ̀lù padà. Ó di 1959 kí Boston tó fi aláwọ̀ dúdú kan, Pumpsie Green, sórí pápá, àwọn ni wọ́n sì kẹ́yìn nínú gbogbo ẹgbẹ́ ńlá. Ẹgbẹ́ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ irú àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, kí ló tún fẹ́ fi ègún ṣe? Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é. Lọ́dún 2004, wọ́n pàdánù ìgbà mẹ́ta ní tẹ̀léra sọ́wọ́ Yankees, wọ́n wá na Yankees lẹ́ẹ̀mẹrin ní tẹ̀léra, lẹ́yìn náà wọ́n na St. Louis Cardinals ní 4 sí 0, ife wọlé, kò sẹ́ni tó ṣètùtù.

Èyí tó yẹ kí ọmọ yín wò kẹ́yìn ni April 8, 2008. Boston pe Buckner padà sí Fenway Park kó wá ju bọ́ọ̀lù ìṣíde. Ó rìn wá látẹ̀yìn pápá lọ́hùn-ún, gbogbo èèyàn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ò dákẹ́, ó ń nu omijé lójú, ó sì ju bọ́ọ̀lù náà sí Dwight Evans tí wọ́n jọ gbá 1986. Òun àti Mookie Wilson ti di ọ̀rẹ́ ara wọn nígbà náà, wọ́n jọ máa ń lọ sáwọn òde láti buwọ́ lu àwòrán bọ́ọ̀lù yẹn fáwọn èèyàn. Ó kú ní May 2019, lẹ́ni ọdún 69.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ. Mi ò tíì rí i lórí pápá, torí náà mi ò lè sọ bóyá first base bá a mu, kóòṣì ẹ̀ ló lè sọ ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ báyìí, ara á tù ú fún ọ̀sẹ̀ kan, mi ò ní sọ pé kò ní tù ú, àmọ́ fídíò yẹn ló máa kù sí i lórí. Tẹ́ ẹ bá fipá mú un dúró, ẹ̀rù á máa bà á, ọmọ tẹ́rù ń bà a máa gbójú sókè kí bọ́ọ̀lù tó wọ ọwọ́ ẹ̀, òun náà sì ni ohun tí mo fura sí pé ó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé: ó fẹ́ wo ẹni tó ń sáré bọ̀, ojú lọ, ìbọ̀wọ́ tẹ̀ lé e. Èmi á ní kẹ́ ẹ jẹ́ kó parí sáà yìí, kẹ́ ẹ bá kóòṣì sọ ọ́ kó gbé e lọ sí outfield, ẹ̀yìn pápá lọ́hùn-ún, fún ìgbà díẹ̀ tó bá wù ú, kẹ́ ẹ sì máa yí bọ́ọ̀lù sí i nílé nírọ̀lẹ́. Kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì láìwọ ìbọ̀wọ́, ẹ yí bọ́ọ̀lù tẹ́ńíìsì sí i, kó fọwọ́ méjèèjì kó o, kó máa sọ àwọ̀ bọ́ọ̀lù náà sókè títí tó fi máa wọ ọwọ́ ẹ̀. Tí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, kó dìde dúró, ìdí nílẹ̀, ìbọ̀wọ́ kó kanlẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó dé, torí àtigbé ìbọ̀wọ́ sókè yá ju àtisọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ. Tí sáà bá parí tí kò bá wù ú síbẹ̀, ẹ yọ ọ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, eré ni, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ní ti baba àgbà tó pariwo, ẹ má lọ bá a fà á lórí pápá níwájú ọmọ. Ẹ sọ fún kóòṣì, òun ló ni pápá, òun ló yẹ kó lọ bá a kí wọ́n tó tún pàdé ní Sátidé tó ń bọ̀.